Ohun Tí Ẹ Ó Yà àti Ohun Tí Ẹ Ó Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá dúró sí Ìyánà-Ìbà ní aago méje àárọ̀ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ kò lè ráhùn pé òun ò rí ohun yà. Dánfó tò lọ rẹrẹẹrẹ, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń há ara wọn mọ́ àárín wọn, ìyá oníbúrẹ́dì gbé ọjà karí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń kánjú sọdá títì, agbèrò ń ké "Mile 2! Mile 2 wọlé!", òórùn àkàrà àti èéfín ọkọ̀ sì ń bára wọn jà nímú. Ojú rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ni kò lè kó o tán.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán ti ń ṣubú. Wọ́n á fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí kánfáàsì kan: ọkọ̀, èrò, agboòrùn, wáyà iná, pátákó ìpolówó, ojú ọ̀run, títí dórí ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá wá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ibi tí yóò gbójú lé. Kí n má purọ́, àwòrán ọjà tó kún fún agboòrùn aláwọ̀ mèremère, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò lójú tí wọn kò nímú, ti sú mi ní àwọn ilé ìṣàfihàn Èkó. Ó ń tà, mi ò jiyàn. Àmọ́ èèyàn lè ya irú rẹ̀ láì dé ọjà kankan rí. Ẹni tó fẹ́ ya ibi tó ń gbé gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú orí yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kó máa bi ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin: nínú gbogbo ohun tí mo rí yìí, kí ni mo lè fi sílẹ̀?

Ẹ yan ibì kan, kí ẹ máa padà síbẹ̀

Ọ̀jọ́, Alábà, Ìbà àti Òkókómáíkò kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ojú kò dọ́gba. Ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ rìn ín títí tí kò fi ní yà yín lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí ìyanu bá ti tán ni ojú ń bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Ìmọ́lẹ̀ ni Òkókómáíkò ń kọ́ni. Títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry na ara rẹ̀ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń wà lójú awakọ̀ láàárọ̀ bó ṣe ń lọ sí Mile 2, tó sì tún ń wà lójú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bó ṣe ń bọ̀ wálé. Ẹ lọ dúró sẹ́bàá títì náà ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọjú sí Badagry. Dánfó tó ń bọ̀ kò ní àwọ̀ ìyeyè kankan lára. Dúdú ni gbogbo ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí orí rẹ̀ ká. Ẹ wá yíjú padà sí Mile 2. Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn yín, ìyeyè ti tàn, ìlà dúdú méjèèjì tó wà lára ọkọ̀ ti hàn gbangba. Wákàtí kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, àwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá yan ọ̀kan kó tó po ọ̀dà yóò po méjèèjì mọ́ra, àwòrán rẹ̀ kò sì ní ní àárọ̀, kò ní ní alẹ́.

Òkókómáíkò yìí náà ni ìpẹ̀kun tí wọ́n fọkàn sí fún ọkọ̀ ojú irin Blue Line. Láti Marina dé Mile 2 ló ti ń gbé èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìyókù ọ̀nà náà ni wọ́n ṣì ń ṣe. Ẹ yà á báyìí tí kò tíì parí. Bó bá parí tán, gbogbo ayé ni yóò ní fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí bí ẹ̀bá títì yìí ṣe rí nígbà tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀?

Alábà ń kọ́ni ní ìlà. Ní ọjà Alábà International, páálí tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n tò lé ara wọn títí dé àjà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè fún yín ní igun àti etí tó pọ̀ jù báyìí lọ. Etí àwọn páálí náà nìkan ni kí ẹ yà, ẹ má kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kankan sí i lára. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kéré sí i bí ojú ṣe ń wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Tí gbogbo igun mẹ́rin-mẹ́rin yìí bá ti sú yín, ẹ bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò àti àlùbọ́sà. Níbẹ̀, ohun gbogbo ló tẹ̀ kọrọdọ tàbí kó rí roboto: ìwo àgbò, àpò àlùbọ́sà, ẹ̀yìn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń di ẹrù.

Ọ̀jọ́ ní tirẹ̀ ní etí omi. Ẹni tó ti kọ́ ojú rẹ̀ láàárín èrò Òkókómáíkò nílò ibí yìí bí oògùn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Irẹwẹ̀ àti àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà ń gbéra, omi ń tẹ́ lọ, igi àgbọn dúró lókèèrè. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń nu òdìkejì ọ̀sà kúrò lójú pátápátá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa kù nínú eérú. Ẹ gbìyànjú láti ya ìyẹn láì fi nǹkan mìíràn kún un. Yóò le ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ọwọ́ kì í fẹ́ rí àyè òfìfo kó má fi nǹkan sí i.

Ti Ìbà kò tètè hàn síni lójú. Ẹ wọ inú ẹ́sítéètì tí wọ́n kọ́ nígbà ìjọba Lateef Jákàńdè, ẹni tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983. Ilé kan náà ni wọ́n kọ́ léraléra. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹnì kan ti mọ ògiri sí iwájú tirẹ̀, ẹnì kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ti fi páànù ṣe ìbòòrùn, ẹnì kan ti kun tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ohun kan náà tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti yí padà: ìwé skẹ́ẹ̀ṣì kan gbáko ló wà nínú ìyẹn fún ẹni tó ní sùúrù.

Bí ẹ bá sì kọjá ní Volks, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Volkswagen ní ọdún 1975, ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn ògbólógbòó mọ́tò náà tí wọ́n ń pè ní "ìjàpá" ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ dára láti fi kọ́ bí òjìji ṣe ń yí lórí ohun tó rí roboto. Àmọ́ ẹ má ya bárékè àwọn ọmọ ogun tó wà ní Ọ̀jọ́, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí àwòrán tó tó wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó yà wọ́n

Èèyàn kì í fẹ́ràn àjèjì tó dúró sí ọ̀ọ́kán tó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ní ẹ̀bá títì yìí, àwọn tó máa ń mú ìwé wá ni àwọn tó fẹ́ wó ìsọ̀, àwọn tó fẹ́ gbowó, àwọn tó fẹ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Nítorí náà, ẹ lọ bá wọn ná: "Ẹ kú ọjà o, mà. Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jókòó síbí ya ìsọ̀ yín díẹ̀." Ẹ ra nǹkan. Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé wọn lórí. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹni tó bá rí i pé òun ló wà nínú ìwé máa ń rẹ́rìn-ín, yóò sì pe ẹlòmíì wá wò ó. Tí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá lọ.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kò fojú kéré àṣẹ. Nígbà tí Ben Enwonwu jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó rí Adétutù Adémilúyì tó ń rìn lọ, ó sì wù ú láti yà á. Ọmọ ìdílé Ọọ̀ni ni. Enwonwu kò fi ojú jí i yà lọ. Ó tọ ẹbí rẹ̀ lọ, ó rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Èyí tó kọ́kọ́ yà ní 1973 ló bí àwọn yòókù tí wọ́n ń jẹ́ Tutu. Èyí tó yà ní 1974 ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2018 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ wo àwòrán náà dáadáa tí ẹ bá ní àǹfààní: kò sí ààfin, kò sí èrò, kò sí Ifẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orí, ọrùn, gèlè àti ejìká nìkan ló fi tó o.

Láti inú ìwé dé orí kánfáàsì

Ìwé skẹ́ẹ̀ṣì tó lè wọ àpò, pẹ́ńsùlù 2B kan àti 4B kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo ìrésà. Ìlà tí kò dára, ẹ fa òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fóònù lè ya fọ́tò fún ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi fọ́tò nìkan ṣiṣẹ́ ti jẹ́ kí ẹ̀rọ yàn fún òun, ẹ̀rọ kì í sì í fi nǹkan kan sílẹ̀.

Tí skẹ́ẹ̀ṣì ibì kan bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ pa ìwé náà dé. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kó sì mọ́. Lọ́jọ́ kejì, láì ṣí i, ẹ ya ibẹ̀ láti inú ìrántí sórí bébà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tí ìrántí bá dì mú ni kókó àwòrán yín. Èyí tó bá ti sá lọ, ẹ má lé e. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá ṣí skẹ́ẹ̀ṣì, kì í ṣe láti kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ padà, bí kò ṣe láti tún ìwọ̀nba tí ẹ ti yàn ṣe: bí ìka ìyá yẹn ṣe di etí agbọ̀n mú, ibi tí òjìji ìbòòrùn ṣubú sí, bí ẹsẹ̀ kọ́ńdọ́ sì ṣe rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi èédú ya kékeré mìíràn tó ní dúdú, eérú àti funfun nìkan. Ẹ gbé e sí ara ògiri, kí ẹ rìn lọ sí òpin yàrá. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó jẹ́ láti ibẹ̀, ọ̀dà tó wọ́n jù lọ lágbàáyé kò lè gbà á là.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan. Ẹni tí kò tíì lè ya ohun bó ṣe rí kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti fi í sílẹ̀. Ó kàn ń sá fún un ni. Ọwọ́ tó ń pamọ́ sápò nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbà yìí, ayàwòrán ló ń pamọ́ níbẹ̀. Aina Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, kò ní olùkọ́. Àwòrán inú ìwé òkè òkun ló ń wò tó ń dà kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi já gaara. Ní 1906 ló ya ìyáàfin Spencer Savage, ní àkókò tí àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso kò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1920 ló tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́, ó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó. Nítorí náà, ẹ ya ọwọ́ lójoojúmọ́. Ẹ ya ẹsẹ̀ nínú sálúbàtà. Ẹ ya etí.

Ẹnì kan lè bi mí pé, Twins Seven-Seven ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọkùnrin yẹn, tó dé inú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo ní 1964, tó máa ń sọ pé òun nìkan ló kù nínú ìbejì méje tí ìyá òun bí, kì í fi àyè kankan sílẹ̀ lórí bébà. Iwin, ẹyẹ, ẹja àti igi ló máa ń há mọ́ ara wọn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kọ̀: kò sí òjìji, kò sí ọ̀nà jíjìn, kò sí oòrùn tó ń ti apá kan wá. Ìlà ló yàn, ó sì jẹ́ kí ìlà ṣe gbogbo iṣẹ́. Òun náà fi nǹkan sílẹ̀, nǹkan ńlá. Inú ìtàn ni ìmísí tirẹ̀ ti ń wá, bí ti Lemi Ghariokwu ṣe ń wá láti inú orin: òun ló ya èèpo ọ̀pọ̀ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá, bẹ̀rẹ̀ láti 1974, ó sì máa ń gbọ́ orin náà kó tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Ẹni tí ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn Alábà kò jẹ́ kó sùn lè jókòó gbọ́ ọ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ kan ni kó jẹ́ ọ̀gá

Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1934, wà lára àwọn tó dá Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958 pẹ̀lú Uche Okeke, Demas Nwoko àti Bruce Onobrakpeya. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech, ó sì kú ní 2021. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́, nítorí àwọ̀ aró. Aró wà lára aṣọ, aró wà lára ògiri, aró wà lójú èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń rí àdìrẹ nínú rẹ̀. Ó máa ń gé gèlè àti bùbá sí ègé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bíi ti gíláàsì aláwọ̀ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ tún ń ṣe.

Ẹ má fi aró rẹ̀ ṣe tiyín. Ìlànà rẹ̀ ni kí ẹ mú. Àwọ̀ kan ni kó pàṣẹ. Bí mo bá béèrè àwọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ní Òkókómáíkò, gbogbo ènìyàn ni yóò ní ìyeyè dánfó. Mi ò gbà. Eérú ni: kọnkéré, eruku, èéfín, ojú ọ̀run oṣù kẹjọ. Nítorí pé eérú dákẹ́ ni ìyeyè fi lè sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi ìyeyè kún ibi gbogbo, ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ má sì po dúdú mọ́ funfun lásán fún eérú yẹn, yóò kú sórí kánfáàsì. Ẹ po ultramarine mọ́ burnt sienna, kí ẹ wá fi funfun sí i díẹ̀díẹ̀. Bí búlúù bá borí, ó di eérú òjò, bí pupa bá borí, ó di eruku ọyẹ́. Òjìji ojú èèyàn náà, ẹ má fi dúdú ṣe é. Ọ̀dà méjì yìí kan náà ni.

Ẹni tí owó ọ̀dà ń dà láàmú lè bu ilẹ̀. Ní Ifẹ̀ ní 1989, Moyo Okediji, Kúnlé Filani, Tọ́lá Wẹ́wẹ̀, Bọ́lájí Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń wò kọ́ṣẹ́ ni iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà, tí Okediji sì ń fi amọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ ṣe ọ̀dà. Iyanrìn ló pọ̀ ní Ọ̀jọ́ nítorí ọ̀sà, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí típà kì í da iyẹ̀pẹ̀ pupa sí. Ẹ tọrọ díẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kí iyanrìn rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi aṣọ sẹ́ omi pupa náà sínú abọ́ mìíràn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ da omi tó mọ́ lórí rẹ̀ nù. Ẹ sá ìyókù sóòrùn, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ pò ó pẹ̀lú gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí ẹ ti fi omi là. Ẹ dán an wò lórí bébà. Bó bá gbẹ tó ń ran ìka, gúlúù kò tó. Bó bá ń dán tó ń sán, gúlúù ti pọ̀ jù. Pupa yìí kì í ṣá nínú oòrùn.

Yàrá iṣẹ́ àti ohun èlò

Ìwé òyìnbó ń sọ pé kí fèrèsé ayàwòrán kọjú sí àríwá kí oòrùn má bàa wọlé. Òfin Yúróòpù nìyẹn. Níbi tí a wà yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá. Ní àwọn oṣù yẹn, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló rọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ padà sí ti àríwá. Ẹni tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, kó fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹ má sì po àwọ̀ lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n: búlúù tó dára lálẹ́ lè di ohun mìíràn tí ilẹ̀ bá mọ́.

Aṣọ òwú tó nípọn tí ẹ kàn mọ́ férémù pákó ti tó fún kánfáàsì. Ọ̀dà emulsion ògiri ni ọ̀pọ̀ fi ń kùn ún kọ́kọ́, nítorí pé kò wọ́n. Fún ìdánrawò, kò burú. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tà, ẹ ra gesso, torí emulsion olówó pọ́ọ́kú máa ń di ẹfun, á sì máa ṣí kúrò. Pákó pẹlẹbẹ pẹ̀lú, ẹ kun ojú rẹ̀ kí ẹ sì kun ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà kò mọ ojú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ọ̀dà olómi lè wà lábẹ́ ọ̀dà olóróró. Kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Nínú ọ̀dà olóróró, ìpele àkọ́kọ́ ni kó ní tọpẹntáìnì jù, ti òkè ni kó ní òróró jù. Ìdí ni pé ohun tó ní òróró púpọ̀ kì í tètè gbẹ. Bó bá wà nísàlẹ̀, yóò ṣì máa rìn nígbà tí ti òkè ti le, ti òkè yóò sì sán. Òróró linseed ni o, kì í ṣe òróró ẹ̀pà. Ti ẹ̀pà kò ní gbẹ láéláé. Kẹrosíìnì dára láti fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tún fi ọṣẹ àti omi ṣàn án lẹ́yìn náà. Ẹ má mú bẹntiróòlù wọ yàrá iṣẹ́.

Tí ẹ bá rò pé iṣẹ́ ti parí, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ògiri fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó nínú dígí. Ẹ fi àtàǹpàkò bo ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àwòrán bá dára sí i láìsí rẹ̀, ẹ kùn ún pa, ì báà jẹ́ òun ló gbà yín lákòókò jù. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti yà á, ọdún, àti irú ọ̀dà tí ẹ lò sí ẹ̀yìn kánfáàsì, nítorí ẹni tí yóò bá tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Nígbà òjò, ẹ má fi í ti ara ògiri, ẹ má sì fi ọ̀rá wé e. Ẹ gbé e lé orí pákó méjì kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tó di oṣù kẹjọ, ó ti hu ebu.